Ẹnà Àwọn Abẹ́sílẹ̀ láti Òfuurufú

Kò sí iṣẹ́ kan tí àwọn ènìyàn jọ ń ṣe fún ìgbà pípẹ́ tí kì í bí èdè tirẹ̀. Ọdẹ ní ọ̀rọ̀ tí ará ilé kì í tètè mọ̀. Onílù ní tirẹ̀. Awakọ̀ èrò àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ní tiwọn. Irú èdè báyìí ni à ń pè ní ẹnà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ẹnà jẹ́ èdè àwọn ìpáǹle tàbí ti àwọn tí kò rí ìwé kà, pé kò yẹ kí ọ̀mọ̀wé fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lórí rẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹnà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe láwùjọ, ó sì ní òfin tí ó ń tẹ̀ lé. Níbi tí iṣẹ́ bá ti la ewu ikú lọ, ẹni tí kò bá gbọ́ ẹnà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yékéyéké lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i.

Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni òfuurufú jẹ́ fún àwọn tí ń fi páráṣúùtì bẹ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn kan ń ṣe é nítorí iṣẹ́ ogun. Àwọn mìíràn, ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé àti ní ibòmíràn, ń ṣe é bí eré ìdárayá. Abẹ́sílẹ̀ tí ó na apá àti ẹsẹ̀, tí ó dojú bolẹ̀, a máa já bọ́ pẹ̀lú eré tí ó tó nǹkan bí 120 máìlì ní wákàtí kan. Bí ó bá ti ń sáré tó báyìí, 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kò gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá 6. Ta ni yóò rí àyè ka gbólóhùn gígùn ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wọn fi kúrú, tí ó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fojú inú rí. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a bi ẹnà wọn: níbo ni ó ti wá? Kí ni ó ń ṣe fún wọn? Kí sì ni ó ń bò mọ́lẹ̀?

Orúkọ ohun èlò náà gan-an ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Inú èdè Faransé ni "parachute" ti wá. Louis-Sébastien Lenormand, ará Faransé, ni a gbà pé ó fún un ní orúkọ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1783, ọkùnrin yìí bẹ́ sílẹ̀ láti orí ilé gíga kan ní ìlú Montpellier pẹ̀lú ohun èlò tí ó dà bí agbòòrùn ńlá, ó sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Apá méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. "Chute" ni ìṣubú. "Para" ní tirẹ̀ tọ ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ítálì kan lọ, èyí tí í ṣe "parare", tí ó túmọ̀ sí kí a gba nǹkan dúró kí ó má baà bá ni. Àwọn Faransé ti lò ó ṣáájú nínú "parasol", ohun tí ń gba oòrùn, àti nínú "parapluie", ohun tí ń gba òjò. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní ṣàì rí i pé ọ̀nà kan náà ni àwọn baba wa gbà ṣẹ̀dá "agbòòrùn" àti "agbòjò": àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-", ọ̀rọ̀-ìṣe "gbà", àti ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀ lé e. Bí a bá tẹ̀ lé àpẹẹrẹ wọn, "agbàṣubú" ni ìbá jẹ́ orúkọ ohun èlò yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-àyálò ti gba ipò náà, páráṣúùtì sì ni ẹnu mọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí "para" lẹ́yìn náà yẹ fún àkíyèsí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í fi páráṣúùtì wọ ojú ogun, pàápàá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì (1939–1945), àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, wọ́n sì kan "para" mọ́ "trooper", èyí tí í ṣe ọmọ ogun. Bí a bá wo gbòǹgbò rẹ̀ nìkan, a óò rò pé ẹni tí ń dènà ọmọ ogun ni "paratrooper". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ogun tí ń lo páráṣúùtì ni. Ẹyọ kan lára ọ̀rọ̀ ti gba ìtumọ̀ odidi ọ̀rọ̀ mọ́ra. Apá kejì náà, "chute", ti dá dúró fúnra rẹ̀: ní ẹnu àwọn abẹ́sílẹ̀, kì í ṣe ìṣubú mọ́ bí kò ṣe ohun tí ń gba ni lọ́wọ́ ìṣubú. Bí ọ̀rọ̀ ti ń yí ìtumọ̀ padà nìyẹn, tí yóò wá máa jẹ́ òdìkejì ohun tí wọ́n sọ ọ́ fún.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ni ó jẹ́ ẹrù tí wọ́n yá láti inú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Aṣọ ńlá tí ó ń là sókè orí abẹ́sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "canopy". Bí a bá tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, a óò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́, tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan fún ibùsùn tí wọ́n ta àwọ̀n ẹ̀fọn bò. Orúkọ ẹ̀fọn ni ó sì wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n fi ń sá fún ẹ̀fọn ni àwọn ará ọ̀run fi ń sá fún ikú. Páráṣúùtì kékeré tí ń dín eré kù ni "drogue". Inú iṣẹ́ òkun ni ìyẹn ti wá: àwọn apẹja àbùùbùtán a máa so pákó mọ́ okùn ọ̀kọ̀ wọn kí ẹja náà má baà lè sáré bí ó bá ti gba ọ̀kọ̀ sára. Kékeré mìíràn tún wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fa páráṣúùtì ńlá jáde nínú àpò rẹ̀. "Pilot chute" ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ti awakọ̀ òfuurufú ni, ṣùgbọ́n "pilot" tí ó wà níhìn-ín ni afinimọ̀nà, irú ẹni tí ń ṣíwájú ọkọ̀ ojú omi wọ èbúté.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ohun tí wọ́n dúró fún ti kú, tí orúkọ rẹ̀ kò sì kú. "Ripcord" jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi bàlúùnù ńlá fò ni ó ti kọ́kọ́ wà: okùn tí wọ́n ń fà láti ya ara bàlúùnù kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde lójijì bí wọ́n bá fẹ́ balẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, ọdún 1919, Leslie Irvin bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní McCook Field, ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn tí ó ṣí páráṣúùtì rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ẹni tí ó bá ń já bọ́ lófìfo yóò dákú, kò sì ní lè gbé ọwọ́ ṣe ohunkóhun. Láti ìgbà náà ni "fà á" ti di àṣẹ pàtàkì jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Lónìí, ọ̀pọ̀ abẹ́sílẹ̀ kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀ lára páráṣúùtì ńlá wọn. Ńṣe ni wọ́n ń fi ọwọ́ ju páráṣúùtì kékeré sínú afẹ́fẹ́. Síbẹ̀, "fà á" náà ni wọ́n ṣì ń wí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "cutaway", tí ó túmọ̀ sí gígé nǹkan kúrò lára. Láyé àtijọ́, àwọn tí ń fi páráṣúùtì ṣe àṣehàn a máa fi ọ̀bẹ gé ọ̀kan dànù lójú ọ̀run kí wọ́n tó ṣí òmíràn, kí ẹnu lè ya àwọn èrò ìwòran. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìdè onírin tí a lè tú. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Bill Booth ṣe ètò òrùka mẹ́ta tí ó ń di ara wọn mú, tí ó sì ń tú lẹ́ẹ̀kan náà bí a bá ti fa okùn rẹ̀. Ọ̀bẹ ti kúrò nínú ọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n "gígé" ni wọ́n ṣì ń pè é. Àpẹẹrẹ kẹta ni "square", èyí tí í ṣe onígun mẹ́rin. Láti ìgbà tí Domina Jalbert ti ṣe páráṣúùtì oníhò tí afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀, tí ó sì ń dà bí ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ní àwọn ọdún 1960, ni wọ́n ti ń pè é ní onígun mẹ́rin láti fi í yàtọ̀ sí olóbìrípo ti àtijọ́. Òmíràn nínú wọn lónìí tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ létí, orúkọ náà kò sì yí padà. Ẹni tí ó bá ń wá ìtàn iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ fojú fo irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí dá, nítorí inú wọn ni ohun àtijọ́ sá pamọ́ sí.

Èwo ni ó wá kan ẹ̀mí nínú gbogbo èyí? Ibi tí ó ti kan ẹ̀mí jù lọ ni orúkọ tí wọ́n sọ àwọn àṣìṣe páráṣúùtì. Bí aṣọ náà bá jáde nínú àpò ṣùgbọ́n tí kò là, tí ó kàn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè orí bí àsíá tẹ́ẹ́rẹ́, "streamer" ni. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa pe irú rẹ̀ ní "Roman candle", ìyẹn orúkọ ọ̀pá iná àríyá kan tí ń tu iná jáde. Bí okùn kan bá gba orí aṣọ náà kọjá, tí ó sì pín in sí òkìtì méjì, "Mae West" ni. Òṣèrébìnrin sinimá ni Mae West (1893–1980) ní Amẹ́ríkà, àyà rẹ̀ tí ó kún ni àwọn ọkùnrin sì fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú tún fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀wù tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí láti fi léfòó lórí omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ẹ̀fẹ̀ ni lójú ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí ẹ̀fẹ̀ náà ń ṣe. Nínú eré ìdárayá òde òní, bí páráṣúùtì ńlá bá ti jáde tí kò sì là dáadáa, abẹ́sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u kúrò lára rẹ̀ kí ó tó ṣí èyí tí ó wà ní ìpamọ́, kí àwọn méjèèjì má baà lọ́ mọ́ ara wọn. Ẹni tí ó gbójú sókè kò ní àkókò láti máa rò pé: "okùn kan ti gba orí aṣọ kọjá, aṣọ sì ti pín sí méjì." Ohun tí ó ti rí nínú àwòrán ní ilé ẹ̀kọ́, tí ó ti rẹ́rìn-ín sí, ni yóò tún rí, orúkọ yóò sọ sí i lọ́kàn, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì mọ ibi tí yóò lọ. Ẹ̀rín tí ó rín lórí ilẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó rántí lókè. Orúkọ tí kò ní àwòrán nínú kò ní lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ẹnà a tún máa so àwọn tí ikú ti fojú kàn pọ̀. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 1922, ọkọ̀ òfuurufú Harold Harris bà jẹ́ lójú ọ̀run nítòsí McCook Field kan náà, páráṣúùtì sì ni ó gbà á là. Ní ọdún náà ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Kòkòrò sílẹ̀, "Caterpillar Club", fún gbogbo ẹni tí páráṣúùtì bá gbà là nínú ọkọ̀ tí ó bà jẹ́. Ilé iṣẹ́ Irvin a máa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kòkòrò kékeré tí a fi wúrà ṣe. Èé ṣe tí ó fi jẹ́ kòkòrò? Ṣẹ́dà ni wọ́n fi ń ṣe páráṣúùtì nígbà náà, kòkòrò ni ó sì ń ran ṣẹ́dà, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ pé ara ilé kòkòrò ni àwọn ahunṣọ Yorùbá ti ń rí òwú sányán. Kòkòrò náà ni ó sì ń fi fọ́nrán ara rẹ̀ rọ̀ láti orí igi wá sí ilẹ̀. Ọ́ra náílọ́ọ̀nù ti gba ipò ṣẹ́dà láti àwọn ọdún 1940, ṣùgbọ́n kòkòrò kò kúrò nínú orúkọ ẹgbẹ́.

Igbe "Geronimo!" ni ó ṣeé ṣe kí ará ìta mọ̀ jù lọ. Ìtàn tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń pa ni pé ní ọdún 1940, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Fort Benning, àwọn kan nínú wọn lọ wo sinimá tí ó dá lórí Geronimo ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú bíbẹ́ wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Aubrey Eberhardt ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù yóò bà á dé ibi pé kò ní rántí orúkọ ara rẹ̀. Ó ní òun yóò kígbe "Geronimo" kíkankíkan bí òun bá ti ń jáde lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé iyè òun pé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, igbe náà sì ràn. Ṣùgbọ́n ta ni Geronimo? Aṣáájú ogun àwọn Apache ni, tí ó bá ìjọba Amẹ́ríkà jà títí di ọdún 1886 tí ó túúbá, tí ó sì wà ní ìgbèkùn wọn títí ó fi kú ní ọdún 1909. Ọmọ ogun ìjọba kan náà ni ó wá ń fi orúkọ rẹ̀ ki ara rẹ̀ láyà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà tún lo orúkọ náà bí àmì ìkọ̀kọ̀ nígbà tí wọ́n lọ pa Osama bin Laden ní ọdún 2011, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà fi ẹ̀hónú hàn. Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ lè gbàgbé. Ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ kì í gbàgbé.

Ẹnà a sì máa ya ará ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ará ìta. Ẹni tí kì í bẹ́ ni wọ́n ń pè ní "whuffo". Àlàyé tí àwọn abẹ́sílẹ̀ ń ṣe ni pé ìbéèrè tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń bi wọ́n ni "What for?", ìyẹn ni pé, kí ni ẹ ń torí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò bà jẹ́? Pípè tí àwọn ará oko ń pe ìbéèrè náà ni ó di orúkọ. Bákan náà, bí ẹnìkan bá ṣe ohun tí kò ṣe rí, bí ó ti wù kí ó kéré tó, àwọn yòókù yóò pariwo "Bíà!", ó sì di dandan kí ó ra ọtí fún ẹgbẹ́. Owó ìwẹgbẹ́ ni èyí, lẹ́nu kan. Orúkọ mìíràn ni "BASE", tí wọ́n fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin ṣẹ̀dá ní àkókò Carl Boenish àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1981: ilé gíga, òpó rédíò, afárá àti òkè. Orí nǹkan wọ̀nyí ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ́, láìwọ ọkọ̀ òfuurufú rárá. Òkè kan ní Norway ni Boenish ti bẹ́ ní ọdún 1984 tí ó sì kú.

Ikú yìí ni ó kù tí a kò tí ì fọwọ́ kàn. Báwo ni àwọn abẹ́sílẹ̀ ṣe ń sọ pé ẹnìkan kú? Wọn kì í sábà sọ ọ́ gbangba. Wọ́n á ní ó "wọlé", tàbí pé ó "ta padà" bí bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá ń kí ara wọn pé ó dàbọ̀, "blue skies" ni wọ́n ń wí, ìyẹn ojú ọ̀run tí ó mọ́ lóló. Ní ibi ìdágbére fún òkú, àwọn kan a máa fi "black death" kún un, ikú dúdú. Àdàpè ni èyí, Yorùbá kò sì ṣàjèjì sí àdàpè. Ọba kì í kú, ńṣe ni ó ń wàjà. Àgbà a máa papòdà. Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ni ó sọ pé "ọmọ mi ń fẹ́wọ́" ni àdàpè olè. Àdàpè tí ó bu ọlá fún òkú wà, àdàpè tí ó ń bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀ sì wà.

Ibi tí àríyànjiyàn wà nìyí. Àwọn kan lè sọ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ń sọ ikú di eré, pé ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ ọ lè rò pé ohun tí kò tó nǹkan ni. Àwọn mìíràn lè dáhùn pé ẹni tí yóò tún bẹ́ lọ́la kò lè máa pe ikú ní orúkọ rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Òtítọ́ wà lẹ́nu méjèèjì. Ohun tí a fi lè mọ àdàpè rere yàtọ̀ sí burúkú ni ohun tí àwọn tí ń sọ ọ́ ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán. Bí wọ́n bá sọ pé ẹnìkan "wọlé", tí wọ́n sì jókòó yẹ ohun èlò rẹ̀ wò, tí wọ́n bi ara wọn léèrè ibi tí ọ̀ràn ti wọ́, tí wọ́n sì kọ́ àwọn tuntun ní ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀, àdàpè wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀fẹ̀ bá ti parí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ibojì fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ín-rín ẹnà. Nínú ti àwọn abẹ́sílẹ̀ yìí ni a ti rí àwọ̀n ẹ̀fọn Gíríìkì, pákó àwọn apẹja, okùn àwọn oníbàlúùnù, òṣèrébìnrin sinimá àti jagunjagun tí ó kú sí ìgbèkùn. Gbogbo wọn ni ó dúró ti ẹnìkan tí ilẹ̀ ń sáré pàdé bọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó kọ́ ọ kí ó tó gòkè, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ sí i lọ́kàn bí ó ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ náà ni wọn yóò sì fi ròyìn rẹ̀ nígbà tí ó bá dé ilẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Lójú ọ̀run, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a kọ́ dáadáa lè gba ẹyẹ sílẹ̀.